Ọkùnrin Tí Wọ́n Ti Fi Aṣọ Bò Lójú: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Oró Sèbé ní Oko Kòkó Kan ní Gúúsù Ilé-Ifẹ̀

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wáyé ní oko kòkó kan ní apá gúúsù Ilé-Ifẹ̀, ní ọ̀nà tó lọ sí Ìfẹ̀tẹ̀dó, ní àsìkò ìkórè ńlá, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé. Àgbẹ̀ tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún ni ó ṣẹlẹ̀ sí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ abúlé náà. Ẹnu òun fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àti òṣìṣẹ́ ìlera obìnrin tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo kọ. Mo kọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, fún àwọn ọdẹ, àti fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n máa ń sáré pè ní abúlé bí ejò bá bu èèyàn jẹ, nítorí mo gbà gbọ́ pé nínú àwọn tí à ń sin nítorí oró ejò, a rí àwọn tí kò tíì yẹ ní sísin.

Òwúrọ̀ ni. Wọ́n ti ká kòkó láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n kó o jọ ní òkìtì sábẹ́ igi, wọ́n sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó di ọjọ́ tí àwọn tí yóò bá wọn fọ́ ọ yóò pé. Òkìtì kòkó tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ báyìí máa ń di ilé fún eku àti ọ̀pọ̀lọ́, ibi tí eku àti ọ̀pọ̀lọ́ bá sì wà, ejò kì í jìnnà síbẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ewé, ó sì rò pé ẹ̀gún ló gún òun. Ìgbà tó fa ọwọ́ yọ ló rí ojú ẹ̀jẹ̀ kéékèèké méjì lẹ́yìn ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ejò náà ti gbórí sókè nínú òkìtì, ó fẹ ọrùn, ara rẹ̀ dúdú ó ń dán, abẹ́ ọ̀fun rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè tí ìlà dúdú dá kọjá. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Sèbé ni.

Àbúrò rẹ̀ mú àdá, ó lé ejò náà títí ó fi wọ ihò lábẹ́ gbòǹgbò igi kan. Kò rí i pa, bí ó bá sì rí i pa, kò sí ohun tí ìyẹn ìbá ṣe fún ẹni tó ti jẹ. Ìgbà tó fi padà dé, bàbá ọdẹ kan tó jẹ́ àgbà nínú wọn ti fi rọ́bà inú táyà ọ̀kadà di apá ọkùnrin náà lókè ìgúnpá, ó dì í le tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó sì ti fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ yí ojú ibi tí ejò ti jẹ ẹ́ ká, ó fi ètù ra á.

N kò kọ èyí láti fi bú bàbá náà. Ohun tó mọ̀ ló lò, tìfẹ́tìfẹ́ ló sì fi lò ó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ìdí tí ètù fi ní orúkọ rere tó ní. Ọ̀pọ̀ ejò tó ń bu èèyàn jẹ lóko ni kò ní oró tó lè pani, àwọn tó ní oró pàápàá a sì máa jẹ èèyàn nígbà mìíràn láìtu oró kankan sí i lára. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n sì sín gbẹ́rẹ́ fún, yóò yè, ètù ni yóò sì gba ọpẹ́. Ìgbà tí oró bá wọlé tán ni a máa ń rí i pé ètù kò ní agbára lórí rẹ̀, nígbà náà ni a ó wá sọ pé ejò rírán ni.

Ohun tó fi gbogbo wọn lọ́kàn balẹ̀ ni pé ọwọ́ náà kò wú púpọ̀. Ó ń dùn ún díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti rí ojú ibi tí paramọ́lẹ̀ tàbí ọká ti jẹ èèyàn rí mọ bí ibẹ̀ ti máa ń wú, tó máa ń roró, tí ẹ̀jẹ̀ sì máa ń ṣe sábẹ́ awọ. Àwọn tó wà lóko náà ti rí irú rẹ̀, nítorí náà wọ́n gbà pé bí kò bá ti wú, ó ti bọ́. Oró sèbé inú igbó kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tó ti jẹ èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan hàn nígbà tí oró ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn nínú ara.

Ojú ọkùnrin náà ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yí padà. Kò tíì tó wákàtí kan lẹ́yìn tí ejò jẹ ẹ́ tó fi sọ pé ojú òun wúwo. Wọ́n ní ó ń tòògbé, pé àìsùn alẹ́ àná ni, àti pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ìyàwó rẹ̀, tó ti gbọ́ ariwo tó sì ti sáré dé láti abà, ni kò gbà. Ó rí i pé ìgbà tí ọkọ òun bá fẹ́ wo òun, ṣe ló máa ń gbé orí sẹ́yìn pátápátá, bí ẹni tí fìlà bò lójú tó ń wo abẹ́ fìlà kọjá. Ọkọ rẹ̀ tún bi í léèrè pé ta ni ẹnì kejì tó dúró tì í, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà sọ fún mi pé ẹ̀rù kò bà òun tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun gbọ́ pé sèbé ni. Ìgbà tó bi òun ní ìbéèrè yẹn ni ara òun wá gbọ̀n.

Níbí ni kí òṣìṣẹ́ ìlera dúró sí díẹ̀. Ẹni tí oorun ń kùn, bí a bá pè é tí a ní kó wo òkè, ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò gbéra. Ẹni tí oró irú ejò yìí bá ti ń mú, bó ti wù kó tiraka tó, ìpéǹpéjú náà kò ní lọ sókè tán. Lẹ́yìn ojú, ọ̀rọ̀ ẹnu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, itọ́ yóò di ohun tí kò ṣe é gbé mì, ọrùn kò ní lè gbé orí dúró mọ́, lẹ́yìn èyí ni àyà yóò wá dẹwọ́ iṣẹ́. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ó sì lè má gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ojú tó ń wálẹ̀ ni aago tí ìdílé náà ní lọ́wọ́. Ìyàwó náà nìkan ló kà á, kò sì rí ẹni bá a kà á.

Lẹ́yìn èyí ni ẹnìkan mú epo pupa wá. Wọ́n ní epo a máa ṣẹ́ oró, wọ́n sì da ife kan sí i lẹ́nu. Ọ̀fun rẹ̀ kò gbà á. Ó wúkọ́, epo gba imú jáde, ìyókù sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àbúrò rẹ̀ sọ pé ìró ikọ́ yẹn ni òun kò lè gbàgbé, nítorí kò dún bí ikọ́ ẹni tó ní agbára. Bí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ ni ó figbe ta pé, “Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ.” Wọ́n pe ọlọ́kadà kan. Wọ́n gbé e sáàárín, ọlọ́kadà níwájú, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, orí rẹ̀ sì ń ṣubú síwájú sórí ẹ̀yìn ọlọ́kadà bí wọ́n ti ń kó sínú kòtò. Orí tó bá ṣubú síwájú báyìí máa ń di ọ̀nà èémí. Bí ọ̀nà bá lè gba ọkọ̀, ṣe ni kí a tẹ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà nìkan ló wà, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè ní gbogbo ọ̀nà.

Ilé ìlera kékeré ni wọ́n gbé e dé, èyí tí àwọn obìnrin máa ń wá bímọ sí. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo abúlé ń pè é. Ó ní kí ọkùnrin náà la ojú, kò lè là á. Ó ní kó fún òun lọ́wọ́, ìka rẹ̀ mi díẹ̀. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ já rọ́bà tó wà ní apá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Nọ́ọ̀sì ní kó má tíì fọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú èyí. Òótọ́ ni pé kò yẹ kí wọ́n di í bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá já okùn tó le bẹ́ẹ̀ lójijì, oró tó ti há sí ọwọ́ lè rọ́ wọ inú ara lẹ́ẹ̀kan náà, kí èémí sì dá kí ẹnikẹ́ni tó múra sílẹ̀.

Bó ti ń wá ohun tí yóò fi ràn án lọ́wọ́ ni èémí náà dá. Àyà rẹ̀ kò gbéra mọ́. Ètè rẹ̀ ṣú. Wọ́n pè é, kò dáhùn; wọ́n gbọ̀n ọ́n, kò mira. Ọkùnrin àgbà kan tó tẹ̀lé wọn dé gba ìborùn ìyàwó rẹ̀, ó fi bò ó lójú, àwọn tó wà lóde sì bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dákẹ́. Iṣan ọrùn ń lù. Ó sọ fún wọn pé, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣí aṣọ yẹn kúrò. Ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò tíì kú.”

Gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí rọ̀ mọ́ ìka méjì yẹn. Ohun tí oró sèbé inú igbó ń ṣe ni pé ó ń lọ dí ibi tí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ bọ̀ láti inú ọpọlọ ti máa ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹran ara. Ọpọlọ ṣì ń rán iṣẹ́, ẹran ara kò gbọ́. Ìpéǹpéjú kò gbọ́, ahọ́n kò gbọ́, ẹran tó ń gbé àyà sókè kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn kò dúró de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó lù, nítorí náà ó ń lù lọ títí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ yóò fi tán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín èémí tó dá àti ọkàn tó dúró. Ẹni tó bá wà nínú àlàfo yẹn jọ òkú lójú gbogbo ẹni tí kò bá fi ọwọ́ kàn án. Bí a bá bá a mí nínú àlàfo yẹn, tí a kò sì dúró, yóò máa wà láàyè títí oró yóò fi tú u sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì sáré mú àpò rọ́bà tí wọ́n fi ń fún ọmọ tuntun ní èémí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ambu. Ó fún un, àyà ọkùnrin náà kò gbéra. Àpò ọmọ tuntun ni, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó ti àgbàlagbà, ìbòmú rẹ̀ kò sì bo ẹnu ọkùnrin náà. Kò fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Ó nu epo àti itọ́ kúrò, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó di imú rẹ̀, ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹnu rẹ̀, ó sì mí sí i. Àyà gbéra. Ó jẹ́ kó wálẹ̀, ó kà dé aárùn-ún, ó tún mí sí i. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ètè tó ti ṣú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Àwọn tó ń sunkún rí i pẹ̀lú ojú ara wọn.

Ẹnìkan tó ń ra kòkó kiri ní ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n já àpò kòkó òun sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sórí àpò òfìfo lẹ́yìn ọkọ̀, Nọ́ọ̀sì sì wọlé tì í, òun àti àbúrò rẹ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Kí wọ́n tó kúrò ló ti kọ́ àwọn méjèèjì: gbé àgbọ̀n, di imú, mí sí i títí àyà yóò fi gbéra, jẹ́ kó wálẹ̀, ka oókan dé aárùn-ún. Ó ní ẹni tó bá rẹ̀ kó sọ, kí ẹlòmíràn gbà á láìjẹ́ kí àyà sinmi. Bí ọkọ̀ bá kó sínú kòtò, wọn a dì í mú, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ó ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó já sí Ọ̀nà Oǹdó tí wọ́n sì wọ ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tí kò ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama lọ, sọ fún mi pé òun ń ka oókan dé aárùn-ún lójú oorun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé e dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá wọn dúró pé kí wọ́n lọ gba káàdì. Wọn kò tíì pe ẹnikẹ́ni ṣáájú, kò sì sí ẹni tó mọ irú ẹni tí wọ́n gbé bọ̀. Nọ́ọ̀sì kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń mí sí i lọ, àbúrò ló sáré wọlé lọ kígbe. Nígbà tí dókítà rí i, wọ́n ti ọ̀pá rọ́bà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, wọ́n sì fi àpò Ambu ti àgbàlagbà sí i. Ìgbà tí gbogbo èyí wà ní ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n wá tú rọ́bà apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́ tó sì gbẹ, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú láìmì í, ó dì. Bí kò bá dì, à bá mọ̀ pé oró irú ti paramọ́lẹ̀ ni. Wọ́n fún un ní neostigmine, oògùn tó máa ń ran iṣẹ́ tí iṣan gbé wá lọ́wọ́ láti dé ara, pẹ̀lú atropine tí kì í jẹ́ kó ṣe ọkàn ní jàǹbá, ìpéǹpéjú rẹ̀ gbéra díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, èyí sì jẹ́ àmì pé wọ́n wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ apa-oró-ejò ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó yẹ kí a wá a, kí a sì lò ó bí ó bá bá ejò mu. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní irú oró tí wọ́n fi ṣe é. EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Costa Rica fún Nàìjíríà, oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é: Echis ocellatus, ejò kékeré kan nínú ìdílé paramọ́lẹ̀ tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn apá Àríwá, Bitis arietans tí òun náà jẹ́ irú paramọ́lẹ̀, àti Naja nigricollis, irú sèbé tó máa ń tu oró sójú èèyàn. Sèbé inú igbó kò sí nínú wọn. Níbi tí irú èyí nìkan bá wà nínú fíríìjì, ọwọ́ tó ń fún àpò èémí ni oògùn tí a ní. Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì, ní 2019 wọ́n sì gbé ètò kalẹ̀ láti dín ikú àti àbùkù ara tó ń tìdí rẹ̀ wá kù sí ìdajì kó tó di 2030. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ètò yẹn kò tíì dé orí òkìtì kòkó.

Kò sí ẹ̀rọ amúnimí tó ṣófo lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ẹbí ni wọ́n fi àpò lé lọ́wọ́. Ìyàwó, àbúrò, ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó wá láti Iléṣà, wọ́n gbà á fún ara wọn títí ilẹ̀ fi mọ́, nọ́ọ̀sì alẹ́ sì ń wá wò wọ́n bóyá àyà ń gbéra. Ní ọjọ́ kejì ni ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mira. Ní ọjọ́ kẹta ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí fúnra rẹ̀. Epo tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sọ di òtútù àyà tó dá a dúró síbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ojú gbẹ́rẹ́ kẹ̀, okùn sì ti ba ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gé ìka kan, kò sì lè di àdá mú dáadáa mọ́. Ohun tí wọ́n fi wá ìwòsàn fún un lóko ló ṣe èyí, kì í ṣe sèbé.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé òun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ní ó ti kú. Ó mọ̀ ìgbà tí aṣọ bo ojú òun, ó mọ òórùn ìyàwó rẹ̀ lára aṣọ náà, ó sì fẹ́ pariwo, kò sí ohun tó gbọ́ tirẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dé abúlé kí òun tó dé. Ó sì mú wọn rántí ọmọkùnrin kan tí ejò dúdú jẹ ní ẹ̀bá odò kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ní ojú ọmọ náà wúwo, wọ́n ní ó sùn, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ẹni tó lè sọ báyìí bóyá ọkàn ọmọ náà ń lù nígbà tí wọ́n gbé e. Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní abúlé náà. Ó wá bá Nọ́ọ̀sì, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì wá iṣan ọrùn. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìgbèríko níláti mọ̀ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè wà láàárín àwọn tó jókòó, kó sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀.

Sí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo rí nínú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo. Kí a má fi wíwú díwọ̀n oró. Ojú ni kí a máa wò, kí a sì máa wò ó léraléra, kí a ní kí aláìsàn wo òkè, kí ó gbé itọ́ mì, kí ó gbé orí kúrò lórí ẹní. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá kọ̀, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí epo, kò sí àgbo, ẹ̀gbẹ́ ni kí a fi tẹ́ ẹ, kí a sì máa gbé e lọ. Kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ dè ibi tí ejò ti jẹ ẹ́ kó má bàa máa mira, kí a má sì fi okùn fún un pa. Bí ẹlòmíràn bá ti dì í kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí ohun tí a ó fi bá a mí ti wà lọ́wọ́ kí a tó tú u.

Mo fẹ́ kí gbogbo ilé ìlera tó wà lẹ́bàá oko ní àpò Ambu méjì, ti ọmọ tuntun àti ti àgbàlagbà. Ti àgbàlagbà kò gbówó lórí tó ìgò abẹ́rẹ́ apa-oró-ejò kan, kò nílò fíríìjì, kì í sì í bàjẹ́ kíákíá. Bí a kò bá ní in, ẹnu wà. Kí a kọ́ ọlọ́kadà, kí a kọ́ àwọn tó ń fọ́ kòkó, kí a kọ́ àwọn ọdẹ ní ìpàdé wọn, bàbá ọdẹ inú ìtàn yìí sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní kí Nọ́ọ̀sì wá kọ́ ẹgbẹ́ àwọn.

Ẹni tó bá sì ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bọ̀ wá sí ìlú, kó fi fóònù pe ilé ìwòsàn láti ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ti kọ́kọ́ wà. Kó má kàn sọ pé ejò bu èèyàn jẹ. Kó sọ pé kò lè mí fúnra rẹ̀, pé àwọn ń bá a mí lọ́wọ́, àti ìgbà tí àwọn yóò dé, kí dókítà lè ti wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá èémí, kí ọ̀rọ̀ káàdì sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá gbé e wọlé tán.